Tẹ́ Ọgbà Sùn: Kí Ni Wọ́n Ń Ṣe sí Ọgbà ní Abúlé Gẹ̀ẹ́sì Nígbà Ìwọ́wé àti Nígbà Òtútù?

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní abúlé kan ní Herefordshire pè mí. Ìyá òyìnbó tó ń tọ́jú, tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ti ní kó bá òun tẹ́ ọgbà sùn kí wọ́n tó dá aago padà. Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ́ ọgbà sùn? Mo ti ra ṣọ́bìrì. Mo fẹ́ hú gbogbo èyí tó ti gbẹ, kí ibẹ̀ lè mọ́ tónítóní kí Màmá tó jí." Mo ní kó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ná, ká jọ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Nígbà kan, Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú ńláńlá ni ọmọ Yorùbá tó bá dé Ìlú Ọba sábà máa ń fìdí sí. Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí ìjọba fi iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà kún iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi gba físà, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn náà fún àwọn tó wà lókè òkun ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn ènìyàn wa ti dé Devon, Norfolk àti Shropshire, níbi tí ilé ti sábà máa ń ní ọgbà níwájú àti lẹ́yìn. Onílé á kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kí ayálégbé máa tọ́jú ọgbà. Kó tó di oṣù kọkànlá, ọgbà tó tutù yọ̀yọ̀ ti di igi gbígbẹ, ewé ti bo ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn èyí tó kú àti èyí tí kò kú.

Mo mọ ohun tí àìmọ̀ yẹn ń fà. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo gba ilé ní Kent, mo hú igi òdòdó kan tó ń jẹ́ fuchsia, tó ti pẹ́ níbẹ̀, nítorí mo gbà pé ó ti kú. Nígbà tí mo fi àdá gé gbòǹgbò rẹ̀, inú rẹ̀ funfun, ó tutù, omi ń yọ lára rẹ̀. Ààyè ni mo hú. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

## Kí ni ìtumọ̀ "tẹ́ ọgbà sùn"?

Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Bí òbí ṣe ń wẹ ọmọ, tó ń fi aṣọ bò ó, tó ń pa iná kó tó jáde nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń múra ọgbà sílẹ̀ de òtútù. Wọ́n á kó ohun tó lè rà kúrò, wọ́n á bo ohun tí òtútù lè pa, wọ́n á gbin ohun tó nílò òtútù, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀. Fífi ìyókù sílẹ̀ yìí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Òun náà ló nira jù fún àwa tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé àgbàlá gbọ́dọ̀ mọ́ kí oòrùn tó là.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ìgbà ìwọ́wé ni oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá. Ìgbà òtútù bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá, ó sì parí ní oṣù kejì. Ìrì dídì ni ìrì tó di yìnyín lórí ewé àti koríko nítorí pé òtútù ti dé òdo. Ẹ óò jí, ẹ óò rí i tí koríko funfun bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i. Ìyẹn yàtọ̀ sí yìnyín tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Yìnyín ojú ọ̀run lè má wá rárá lọ́dún kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìrì dídì ń wá lọ́dọọdún.

Ní ti aago, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń fi wákàtí kan dá a padà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ilẹ̀ á ti máa ṣú kí ẹni tó lọ síbi iṣẹ́ tó délé. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ní kí wọ́n ṣe é ṣáájú.

## Kí ló dé tí igi ń wọ́wé?

Òtútù nìkan kọ́, ìmọ́lẹ̀ ni. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti ọjọ́ tó kúrú jù lọ́dún kò tó wákàtí kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn máa ń wà lójú ọ̀run fún wákàtí 16 ó lé díẹ̀ ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejìlá, kò tó wákàtí 8. Ewé ni ààrò tí igi fi ń se oúnjẹ, oòrùn sì ni iná ààrò náà. Bí iná bá ti kú, kí ni ààrò ń ṣe?

Ẹ̀wẹ̀, ewé ń gbé omi igi jáde sínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà. Tí ilẹ̀ bá tutù tàbí tó dì, gbòǹgbò kò lè fa omi mìíràn láti fi rọ́pò rẹ̀. Igi tó bá gbé ewé rẹ̀ wọ inú oṣù kejìlá, òùngbẹ lè pa á. Nítorí náà, igi á kọ́kọ́ kó ohun tó ṣe é lóore nínú ewé padà sínú ẹ̀ka àti gbòǹgbò, àwọ̀ ewé á lọ, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á hàn. Lẹ́yìn náà, igi á dí ojú ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ewé á sì já.

Àwa náà mọ èyí nílé. Nígbà ọyẹ́, ìrókò àti àràbà máa ń wọ́wé. Kò sẹ́ni tó rí ìrókò tó wọ́wé nínú ọyẹ́ tó sọ pé ó ti kú. Ọ̀dá omi ni tiwa, ọ̀dá ìmọ́lẹ̀ àti òtútù ilẹ̀ ni tiwọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni igi ń ṣe: ó ti ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sùn.

## Èwo ló kú, èwo ló ń sùn?

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà wà gan-an. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń pín ohun inú ọgbà sí, mo sì máa ń fi ohun tí a ń gbìn nílé ṣàlàyé rẹ̀.

Àwọn kan dà bí àgbàdo. Wọ́n hù, wọ́n tanná, wọ́n so, wọ́n kú, gbogbo rẹ̀ nínú ọdún kan. Sunflower àti cosmos wà lára wọn. Tí wọ́n bá ti gbẹ, wọ́n ti gbẹ nìyẹn. Ẹ lè fà wọ́n tu láìsí ẹ̀rù.

Àwọn kan dà bí iṣu. Ìtàkùn iṣu á pọ́n, á gbẹ, á wó lulẹ̀, àjèjì tó bá dé oko lọ́jọ́ náà á rò pé oko ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣu wà nínú ebè rẹ̀ digbí. Peony, hosta, delphinium, geranium abúlé: bí iṣu ni gbogbo wọn rí. Orí ilẹ̀ á mọ́lẹ̀ gbalasa bí ẹni pé nǹkan kan ò gbébẹ̀ rí, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì hù padà ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Àwọn wọ̀nyí ni ayálégbé tuntun ń fi ṣọ́bìrì hú dànù jù. Tí ẹ bá gba ilé nígbà ìwọ́wé, ẹ má ṣe walẹ̀ ọgbà rẹ̀ kí ọdún kan tó yípo. Ẹ ri igi pẹlẹbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohunkóhun tí ẹ bá rí tó ń gbẹ lọ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tó wà.

Ẹ̀ka kẹta dà bí igi kòkó tàbí igi obì: igi líle tó wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Róòsì, ápù, hydrangea. Ewé wọn lè lọ, ṣùgbọ́n igi dúró.

Ní ti bí wọ́n ṣe lè fara da òtútù sí, ọ̀pọ̀ ewéko tí wọ́n ń tà ní Ìlú Ọba ló ní páálí kékeré lọ́rùn, tí wọ́n kọ H àti nọ́ńbà sí. Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọgbà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1804, ló ṣe òdiwọ̀n náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti H1, èyí tó nílò ilé tó móoru, dé H7, èyí tó lè fara da òtútù tó ju dígírì 20 lábẹ́ òdo lọ. H2 kò lè fara da ìrì dídì rárá. H3 lè dé dígírì 5 lábẹ́ òdo, H4 lè dé 10. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ọkàn yín ṣe lè balẹ̀ tó. Tó bá ti wà ní H4 sókè, ní ọ̀pọ̀ abúlé Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi í síta.

## Báwo ni ìrì dídì ṣe ń pa ewéko?

Ẹni tó bá ti gbé ìgò omi tó kún dẹ́nu sínú fìrísà rí mọ ìdáhùn rẹ̀. Omi tó bá dì máa ń wú, ìgò á sì fọ́. Omi ló kún inú ewé àti igi, nínú yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Tí omi yẹn bá dì, yìnyín rẹ̀ á ba yàrá náà jẹ́. Nígbà tí oòrùn bá yọ, tí yìnyín náà sì yọ́, ewé á dúdú, á rọ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná.

Alẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́, tí ìràwọ̀ pọ̀, tí atẹ́gùn kò fẹ́, ni kí ẹ máa ṣọ́. Kùrukùru dà bí aṣọ ìbora lórí ilẹ̀; bí kò bá sí, gbogbo ooru ọ̀sán á gòkè lọ.

Báwo wá ni àwọn ohun jíjẹ inú ọgbà bíi kale, leek àti parsnip (tó jọ kárọ́ọ̀tì funfun) ṣe ń yè é? Wọ́n máa ń sọ oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́ di ṣúgà, omi oníṣúgà kì í sì í tètè dì bí omi lásán. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi í wa parsnip kí ìrì dídì tó kàn án: ó máa ń dùn sí i lẹ́yìn náà. Ẹ tọ́ ọ wò kó tó kàn án àti lẹ́yìn tó kàn án, ẹ óò rí i.

Dahlia kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti wá, ó sì ní iṣu kéékèèké nísàlẹ̀, tó ṣù pọ̀ bí ẹ̀gẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìrì dídì àkọ́kọ́ sọ ewé rẹ̀ di dúdú. Ìyẹn ni àmì pé àkókò tó. Ẹ gé igi rẹ̀ kó ku nǹkan bí ìwọ̀n ọwọ́ kan, ẹ fi fọ́ọ̀kì wa ìdí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn kí iṣu má baà kán, ẹ gbọn erùpẹ̀ kúrò, kí ẹ sì da orí rẹ̀ kodò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí omi inú igi rẹ̀ lè ro dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ tò ó sínú àpótí, ẹ fi yanrìn gbígbẹ bò ó, ẹ gbé e síbi tí kò ní dì, tí kò sì ní rin. Ẹni tó bá ti bá bàbá rẹ̀ to iṣu sínú àká rí mọ gbogbo rẹ̀ tán: ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, ẹ yọ èyí tó bá ń rà kó má baà ran èkejì. Níbi tí ilẹ̀ kì í ti í mu omi dúró, tí òtútù kò sì pọ̀, àwọn mìíràn máa ń fi dahlia sínú ilẹ̀, wọ́n á kàn kó ewé tàbí ajílẹ̀ lé e lórí kó nípọn dáadáa.

Ìrì dídì tún ń ba ohun tí kì í ṣe ewéko jẹ́. Ìkòkò amọ̀ tó ti fa omi mu máa ń sán, nítorí náà ẹ gbé ìkòkò lé orí bíríkì kí omi lè máa jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ti ẹ̀rọ omi ìta láti inú ilé, kí ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ kí omi tó kù dà nù, kí ẹ sì fi aṣọ wé e. Ìgbà tí ẹ bá rí iye tí wọ́n ń gbà láti tún páìpù tó bẹ́ ṣe ni ẹ óò mọ̀ pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ṣe pàtàkì.

## Ṣé ìdọ̀tí ni ewé tó bo ilẹ̀?

Rárá o! Ó dùn mí púpọ̀ bí mo bá rí ẹni tó ń di ewé sínú àpò tó ń fún káńsù. Ẹ rántí ààtàn ẹ̀yìnkùlé nílé, bí tòmátò àti ìbẹ́pẹ ṣe ń hù níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Ohun tó ń jẹ́ ìlẹ̀dú nìyẹn, ewé sì ló ń dà á.

Ẹ kó ewé sínú àpò ọ̀rá, ẹ wọ́n omi sí i bó bá gbẹ, ẹ dá ihò sí àpò náà lára, ẹ so ó, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Láàárín ọdún kan sí méjì, á ti di erùpẹ̀ dúdú tó rọ̀, tó ń rùn bí inú igbó lẹ́yìn òjò. Ó ń pẹ́ nítorí pé irú olú kéékèèké kan ló ń jẹ ewé náà, wọn kì í sì í kánjú. Ewé róòsì tó ní àmì dúdú ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀, àrùn ló wà lára rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ fún káńsù. Ẹ má sì da ẹ̀bà tàbí ẹran sí ààtàn ọgbà, eku á wá.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni ewé ti lè dúró. Bó bá bo koríko, koríko á pọ́n, á rà. Bó bá kún inú adágún, á máa jẹrà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè ṣe ẹja léṣe. Àwọ̀n ni wọ́n ń nà sórí adágún ní oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nídìí igi àti láàárín òdòdó, ẹ fi í sílẹ̀. Aṣọ ìbora ilẹ̀ ni, bí koríko gbígbẹ tí àgbẹ̀ fi ń bo orí ebè kí oòrùn má baà jó ẹ̀bù.

Ọ̀rọ̀ kan nípa iná. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń dáná ńlá láti rántí ọdún 1605, nígbà tí Guy Fawkes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀tù ìbọn fọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹranko kékeré kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní hedgehog, ẹ̀gún ló bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí òòrẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi ń sùn, òkìtì igi àti ewé ló sì fẹ́ràn jù. Ẹ tú òkìtì yín wò láti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ṣáná sí i, tàbí kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jọ sí ibòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an.

## Kí ni ènìyàn lè gbìn nígbà tí gbogbo nǹkan ń sùn?

Ó pọ̀, ó sì ń ya àwọn ènìyàn wa lẹ́nu. Daffodil àti tulip, àwọn òdòdó tí ẹ ń rí ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń gbìn wọ́n. Orí kan tó rí bí àlùbọ́sà ni wọ́n ń tà. Òdòdó wà nínú rẹ̀ ní kékeré bí ọmọ ṣe ń wà nínú oyún. Ẹ gbin daffodil ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ dá tulip dúró di oṣù kọkànlá, nítorí àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tó máa ń ran tulip, òtútù sì ń dín agbára rẹ̀ kù. Jíjìn ihò náà jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta gíga orí náà, ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú sókè.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú òtútù? Wọ́n ń kà á. Tulip tí òtútù kò bá nà fún ìwọ̀n oṣù mẹ́ta lè má yọ òdòdó dáadáa. Òtútù gígùn ló ń sọ fún un pé ìgbà òtútù ti kọjá lóòótọ́, pé kì í ṣe oòrùn ọjọ́ kan ló ń tàn án jẹ. Aáyù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbin awẹ́ kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Bí òtútù kò bá mú un fún oṣù kan sí méjì, ó lè wú di odindi kan láìpín sí awẹ́.

Ẹ fetí sí èyí, ẹ̀yin tí ọmọ kékeré wà lọ́dọ̀ yín: orí daffodil jọ àlùbọ́sà púpọ̀, májèlé sì ni. Ẹ má ṣe gbé e sí ilé ìdáná láé.

Ìgbà yìí kan náà ni igi ń wọ́n kéré. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, wọ́n máa ń ta ápù, róòsì àti igi àfiṣọgbà pẹ̀lú gbòǹgbò ní ìhòòhò, láìsí ìkòkò, láìsí erùpẹ̀. Ó rí bí igi ìdáná, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìrísí rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Ẹ rì í sínú omi, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ tí ilẹ̀ kò bá dì.

## Igi wo ni kí n gé, ìgbà wo sì ni?

Ápù àti pear ni wọ́n ń rẹ́ ẹ̀ka wọn láàárín oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. (Pear òyìnbó ni mò ń wí, kì í ṣe píà tí a fi ń jẹ búrẹ́dì.) Bí ìyá ṣe ń dúró kí ọmọ sùn kó tó gé èékánná rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni: igi ò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ti wà ní gbòǹgbò, ewé kò sì bo ojú yín. Ẹ kọ́kọ́ gé èyí tó ti kú, lẹ́yìn náà èyí tí àrùn ń ṣe, lẹ́yìn náà ìkan nínú ẹ̀ka méjì tó ń ha ara wọn.

Plum àti cherry kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àrùn kan tí irú olú kan ń fà, tó ń sọ ewé di bíi fàdákà, máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọn wọlé nígbà tí ojú ọjọ́ bá rin. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ni kí ẹ gé wọn.

Róòsì gíga ni kí ẹ gé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kúrò ní oṣù kọkànlá, kí atẹ́gùn má baà máa mì í títí ìdí rẹ̀ á fi yẹ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ. Gígé gan-an di oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ní ọgbà Sissinghurst ní Kent, tí òǹkọ̀wé Vita Sackville-West àti ọkọ rẹ̀ Harold Nicolson rà ní ọdún 1930, wọ́n máa ń tẹ ẹ̀ka róòsì gígùn ba, wọ́n á so ó mọ́ igi hazel tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun. Ẹ̀ka tó nàró máa ń yọ òdòdó lórí nìkan. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ba á yọ ọ́ ní gbogbo ara. Mo ti dán an wò lára róòsì kan ṣoṣo tí mo ní, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Hydrangea olórí ńlá: ẹ fi òdòdó gbígbẹ rẹ̀ sílẹ̀ lórí. Òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ti wà ní ojú igi lábẹ́ rẹ̀, fìlà rẹ̀ nìyẹn. Oṣù kẹrin ni kí ẹ ṣí i. Igi àfiṣọgbà ni kí ẹ gé nígbà òtútù, kó tó di oṣù kẹta, nítorí láti oṣù kẹta sí ìkẹjọ ni ẹyẹ ń yé sínú rẹ̀, òfin ọdún 1981 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ ẹyẹ tó ń lò ó jẹ́.

Mi ò lè kúrò nídìí ápù láìsọ èyí. Ní Somerset àti àwọn ibi tó yí i ká, níbi tí wọ́n ti ń fi ápù ṣe ọtí cider, wọ́n ṣì máa ń lọ sídìí igi ápù ní oṣù kìíní, àwọn kan ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Wọ́n á da cider sí ìdí rẹ̀, wọ́n á fi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú cider há ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á kọrin fún un, wọ́n á lu ìkòkò tàbí kí wọ́n yìnbọn láti lé ẹ̀mí burúkú lọ. Wassail lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń ta ọtí sílẹ̀ nídìí ìrókò kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀.

## Ṣé kí n gé gbogbo igi òdòdó gbígbẹ lulẹ̀?

Àwọn àgbà olùtọ́jú ọgbà máa ń gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Lónìí, ọ̀pọ̀ ló gbà pé kí wọ́n dúró di ìparí oṣù kejì, èmi náà sì wà lẹ́yìn wọn. Hóró inú orí òdòdó gbígbẹ ni oúnjẹ ẹyẹ, inú igi oníhò ni kòkòrò tó ń jẹ àwọn ajẹwé ń sùn sí, igi gbígbẹ náà sì ń dáàbò bo ojú tuntun tó wà nídìí rẹ̀. Èyí tó bá ti rọ̀, tó ń rà, bí ewé hosta, ni kí ẹ kó, nítorí ìgbín tí kò níkarahun máa ń fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbélé ẹlòmíràn, tàbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún àgbàlagbà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọgbà wọn ni, ìfẹ́ wọn ló ṣáájú. Mo ní kí àbúrò mi gbé àga Màmá sẹ́nu fèrèsé, kó máa na ìka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí Màmá sì máa sọ orúkọ rẹ̀ fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta. Orúkọ tó lé ní ogójì ló kọ.

## Oṣù kìíní ńkọ́?

Iṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ má rìn lórí koríko tó bá ní ìrì dídì, ojú ẹsẹ̀ yín á yọ ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ má tẹ ilẹ̀ òdòdó tó rin mọ́lẹ̀, á le bí bíríkì. Bí yìnyín bá kún orí igi tí kì í wọ́wé, ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ̀ka má baà ya. Bí adágún bá dì, ẹ má ṣe fọ́ ọ. Ẹ gbé ìkòkò omi gbígbóná lé e lórí títí á fi yọ́ níbì kan. Ẹ gbé omi síta fún ẹyẹ. Ní ìparí oṣù náà, òdòdó funfun kékeré kan, snowdrop, á ti máa gbórí sókè láàárín ewé tí ẹ fi sílẹ̀.

## Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ó ti kú lóòótọ́?

Ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka kékeré kan díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ewé, ó wà láàyè. Bó bá pọ́n bí tábà, tó sì gbẹ, ẹ sún mọ́ ìdí, ẹ tún họ ọ́. Ẹ̀ka lè kú kí ìdí má kú. Bó bá gbẹ títí dé ilẹ̀, ẹ gé e mọ́lẹ̀, ẹ má hú u. Fuchsia tó lè fara da òtútù, bí èyí tí mo hú ní Kent, máa ń gbẹ kanlẹ̀ nígbà mìíràn, kó má yọ ojú kankan títí oṣù kẹrin á fi parí. Ẹ fún un di ìparí oṣù karùn-ún kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì.